Kíndìnrín Tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ Fún Mi

Ẹ kú ilé o, Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ìlú òtútù tí mo wà. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹja ń wọlé dáadáa létí ọ̀sà ní Bàrígà? Mo kí Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, mo kí ọkọ wọn àtàwọn ọmọ.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi láti ẹnu èmi fúnra mi. Mo sì fẹ́ kí gbogbo ìyá tó bí àfín bíi tèmi bá yín gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi gèlè àtijọ́ wé mi lórí kí n tó jáde. Táwọn ọmọ yòókù bá wọ ọkọ̀ lọ sójú omi, ẹ̀gbẹ́ yín lábẹ́ páànù, níbi tí ẹ ti ń yan ẹja, lẹ máa ń ní kí n jókòó, kí oòrùn má bàa pa mí. Èéfín yẹn máa ń ta mí lójú nígbà náà. Ní báyìí, àárò rẹ̀ ń sọ mí. Nígbà tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, inú yín dùn pé inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Àmọ́ oòrùn ojú ọ̀nà ti ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ lára mi.

Níbí, ilé tí wọ́n ti ń di ẹrù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. Oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ, mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí kíndìnrín mi dáṣẹ́ sílẹ̀, Àǹtí wá síbí, wọ́n fún mi ní ọ̀kan nínú tiwọn. Oògùn tí mò ń lò kí ara mi má bàa kọ̀ ọ́ ló wá sọ agbára ìjà ara mi di aláìlera. Egbò kékeré kan yọ létí mi, kò jinná. Jẹjẹrẹ awọ ara ni. Wọ́n gé e, ó tún hù. Wọ́n fi ẹ̀rọ jó o, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, ó di kókó.

Dókítà mi, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, pè mí jókòó. Ó ní oògùn kan wà tó máa ń jí àwọn ọmọ ogun inú ara dìde kí wọ́n lè rí jẹjẹrẹ náà, kí wọ́n sì kọlù ú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti jí, wọ́n lè rí kíndìnrín Àǹtí bí àlejò, kí wọ́n bà á jẹ́. Tí mi ò bá sì gba oògùn náà, àìsàn yìí ò ní pẹ́ pa mí.

Màmá, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Mò ń rántí bí Àǹtí ṣe ń fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ohun tí wọ́n fún mi ta tẹ́tẹ́? Mo pè wọ́n. Wọ́n gbọ́ mi dópin, wọ́n wá bi mí bóyá mo rò pé kíndìnrín ni àwọn tìtorí ẹ̀ wọ bàálù. Wọ́n ní èmi ni. Wọ́n ní kí n lọ gba oògùn mi, kí n yé sunkún sí àwọn létí, àwọn ní ọbẹ̀ lórí iná.

Mo gbà á. Wọ́n ń fà á sí mi lára bí omi, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lemọ́lemọ́. Ara ń yún mi, ó ń rẹ̀ mí. Nígbà tó yá, kíndìnrín náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Wọ́n dá oògùn náà dúró, wọ́n sáré tọ́jú kíndìnrín náà. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Kókó ọrùn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, etí mi ti jinná. Dókítà ní òun ò lè ṣèlérí, pé ẹlòmíì máa ń pàdánù kíndìnrín, pé ẹlòmíì sì wà tí oògùn náà kì í ràn.

Ẹ bá mi sọ fáwọn ìyá ládùúgbò pé bí egbò ara àfín bá kọ̀ tí kò jinná, kí wọ́n má fi àgbo fà á gùn, kí wọ́n tètè gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Àǹtí ń pè mí. Wọn kì í béèrè kíndìnrín. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé ṣé mo ti jẹun.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni Dàmọ́lá, ọmọ yín.