Irọ́ Tí Mo Pa Nípa Ẹ̀rọ Tó Ń Wọn Àrá

Admin, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Mo parọ́ fún ìyá àgbà kan ní Ìtapàjí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé irọ́ náà máa pààyàn...

Master's ni mò ń ṣe l'Ọ̀yẹ́. Project mi ni kí n wọn agbára iná tí àrá ń dá sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ igi tàbí ilé, ìta gbangba ló gbọ́dọ̀ wà, mo wá rí orí òkè kan nínú oko ẹ̀gẹ́ màmá yìí. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Àrá ló pa ọkọ wọn nínú oko yẹn gan-an, wọ́n láwọn ò fẹ́ irin tó máa tún pè é wá. Mo bẹ̀ wọ́n títí, ó sú mi, ni mo bá ní kì í pè é o, ṣe ló ń lé e lọ... Kí ló kó sí mi lórí? Màmá sunkún, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n kó iṣu fún mi. Mo sì jẹ ẹ́!

Ẹ̀rọ yìí ò lé nǹkan kan. Orí òkè yẹn ló tiẹ̀ burú jù láti dúró sí bí òjò bá ṣú. Mo ní mà á ṣàlàyé tó bá yá, ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo gbàgbé.

Lánàá, òjò àkọ́rọ̀ ṣú. Graph tó yọ lórí kọ̀ǹpútà mi, mi ò rí irú ẹ̀ rí, ẹ má bínú, inú mi kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tó yá ni mo rántí màmá. Mo pè, pè, pè... wọ́n ti pa fóònù, torí àrá. Òjò náà ò rọ̀, atẹ́gùn gbé e lọ. Ni màmá bá pè mí láti dúpẹ́: "Ọmọ mi, a ti kọ́ ulé kékeré sí ẹ̀bá ẹ̀rọ rẹ." Páànù ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn méje ló sá síbẹ̀ lánàá, aboyún kan wà láàárín wọn. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, wọ́n tún gbàdúrà fún mi. Èmi náà wá dáhùn pé àmín.

Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á fa ẹ̀rọ náà tu, project mi parí nìyẹn. Ó ti tán nílẹ̀, mo ti gbà. Àmọ́ ṣé wọ́n á gbà mí gbọ́ báyìí? Inú takisí tó ń lọ sí Ìtapàjí ni mo wà, fóònù màmá ò sì lọ mọ́, ojú ọ̀run ti dúdú níwájú wa... Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá débẹ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ tí wọ́n á fi jáde kúrò níbẹ̀?