Bí Mo Ṣe Pe Àkànbí

Títíloyè ọmọ mi,

Ọjọ́ mọ́kàndínlógójì nìyí tí o ti kúrò ní Bìní lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ. Ṣé ara ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ le? Olúmúyìwá àbúrò rẹ kí ọ. Ẹsẹ̀ mi ti fúyẹ́, mo ti ń lọ sọ́jà Santana.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, o sunkún pé ò ń ṣèwádìí etí àti ọpọlọ fún ọmọ ọlọ́mọ, o kò ran bàbá rẹ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ èrò tó wá síbi ìsìnkú kò jẹ́ kí n dá ọ lóhùn. Títí, o ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́tà tí o kọ sí mi nígbà kan ti sọ pé etí ń gba gbogbo ariwo wọlé, ọpọlọ ló ń yan èyí tí yóò gbọ́, orúkọ téèyàn mọ̀ láti kékeré ló sì máa ń tètè yàn. Nígbà tí bàbá rẹ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, tí wọn kò sì dá wa lóhùn, mo pa rédíò, mo ní káwọn àlejò máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dípò kí n máa pariwo "Bàbá Títí", mo pè wọ́n ní Àkànbí. Wọ́n yíjú sí mi.

"Ta ló ń pè mí bí ìyá mi?"

Oṣù mẹ́ta la tún fi tàkúrọ̀sọ.

Olúwa yóò máa fi òye kún òye rẹ. Fi fọ́tò àwọn ọmọ ránṣẹ́. Bàbá Sùlè aládùúgbò wa náà kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ pa rédíò wọn, kí n tó pè wọ́n ní Àlàó. N kò ní í dáwọ́ ìṣe yìí dúró.

Ìyá rẹ