Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Ní Màmá Lóyún

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Àdúgbò Ilé-Omi,
                                        Ìbafo,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kọkànlá, 2008.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọmọ́níkẹ́,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ wà? Dáníẹ́lì ńkọ́, ṣé ọwọ́ rẹ̀ tó kán ti jiná? Ọ̀fà ńkọ́, ṣé ara rẹ ti mọlé níbẹ̀, àbí o ṣì ń ṣàárò omi kànga Ìbafo tó ní ìpẹtà? Tiwa níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, alihamudulilahi. Ṣọlá ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, ó sì ti ga débi pé èmi ni mo ń gbójú sókè bá a wí. Bàbá rẹ̀ náà wà, wọ́n ní kí n kí ọ.

Mo mọ̀ pé ó yà ọ́ lẹ́nu pé mo pè ọ́ ní Ọmọ́níkẹ́. Láti ọjọ́ wo ni mo ti ń kọ “Ìyá Dáníẹ́lì” sínú lẹ́tà rẹ? Fara balẹ̀, má tíì bínú. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìròyìn tí mo fẹ́ rò fún ọ yìí. Ẹ̀rín lè pa ọ́ o, ṣùgbọ́n èmi tó ṣẹlẹ̀ sí, ẹkún ni mo kọ́kọ́ sun.

O ò lè gbàgbé yàrá káàdì wa ní ilé ìwòsàn ìjọba, níbi tí èmi àti ìwọ ti jọ ń fa káàdì yọ fún odidi ọdún márùn-ún, tí eku ń bá wa du àyè. Ọmọ́níkẹ́, wọ́n ti kó kọ̀ǹpútà débẹ̀! Káńsù ní gbogbo àkọsílẹ̀ ìlera pátá gbọ́dọ̀ wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó ti Ìbafo lọ ṣàìsàn ní Ifọ̀ má baà tún máa ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ náà síta tún wú mi lórí. Kì í ṣe bíi ti àtijọ́ tí a kàn máa ń rí agbaṣẹ́ṣe tó já ẹrù kalẹ̀, tí a ò mọ ẹni tó rán an. Gbangba ni wọ́n ti já àpòòwé gbogbo àwọn tó ń du iṣẹ́ náà nínú gbọ̀ngàn káńsù, wọ́n sì lẹ ìwé àdéhùn ẹni tó gbà á mọ́ ara ògiri. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí láti Ifọ̀ ló gbà á.

Èmi, bí o ṣe mọ̀ mí, mo dúró ti ògiri, mo ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo da ìlà kan kọ sínú ìwé pélébé mi: agbaṣẹ́ṣe ò gbọ́dọ̀ sun káàdì àtijọ́ kankan, àfi tí ọ̀gá yàrá káàdì bá buwọ́ lù ú pé gbogbo rẹ̀ ti wọnú kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ. Ọ̀gá yàrá káàdì yẹn, èmi ni o! Ìwọ lo kọ́ mi ní kíkà yẹn. Ṣé mo lè gbàgbé ọdún tí o buwọ́ lùwé pé ogún bẹ́ǹṣì dé, tó jẹ́ mẹ́rin péré ni wọ́n já, tí wọ́n wá ń bi ọ́ pé ṣé ìwọ lo fi mẹ́rìndínlógún yòókù dáná? Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù báírò.

Ògúnkànmí mú ọmọbìnrin kan wá láti Mowe tí yóò máa tẹ ohun tó wà nínú káàdì sínú ẹ̀rọ. Delight lorúkọ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, àmọ́ tó bá ti kí mi “Ẹ káàárọ̀ mà,” Yorùbá rẹ̀ ti tán nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wọlé. Bí kọ̀ǹpútà bá rí orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì ní ìlú kan náà, á ní ẹnì kan ṣoṣo ni, á béèrè bóyá kí òun pa wọ́n pọ̀. Delight á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló fẹ́ bá a wí? Lójú tirẹ̀, orúkọ ni orúkọ. Kò mọ̀ pé nínú káàdì tiwa, ìdajì àwọn obìnrin ìlú yìí ni kò lórúkọ. Ìyá Lágbájá ni gbogbo wọn. Ọjọ́ orí ńkọ́? “Àgbà” tàbí “Ọ̀dọ́” la máa ń kọ síbẹ̀, àwa náà mọ̀ ọ́n ṣe!

Ẹjọ́ tèmi wà nínú rẹ̀. Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, kí n tó gbaṣẹ́ níbẹ̀ rárá, èmi ni mo mú Màmá, ìyá ọkọ mi, lọ gba káàdì. Nọ́ọ̀sì ní kí n kọ orúkọ wọn. Orúkọ ìyá ọkọ kẹ̀? Kí ìyàwó tuntun la ẹnu pe orúkọ ẹni tó bí ọkọ rẹ̀, kí gbogbo ilé wá gbọ́ pé wọn ò kọ́ mi nílé wa? Mo fi ẹ̀kọ́ ilé kọ ọ́: “Màmá Ọládélé,” nítorí Ọládélé lorúkọ ọkọ mi. Inú Màmá dùn sí mi lọ́jọ́ yẹn títí a fi délé. Èmi ò mọ̀ pé mò ń gbẹ́ kòtò sílẹ̀ ni.

Ọmọbìnrin kan wà lójú pópó tó ń jẹ́ Hàfísátù, ìyàwó fúkanáísà. Àkọ́bí tirẹ̀ náà ń jẹ́ Ọládélé. Kí lo rò pé wọ́n kọ sí káàdì rẹ̀?

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ní kí àwa tí a ń mójú tó káàdì wá sí Abẹ́òkúta fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yìn mi ni ìṣó gún Màmá lẹ́sẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n fi epo ra á, wọ́n pa á mọ́ra fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ wú, ó ń rùn. Ìgbà tí ọkọ mi rí i ló gbé wọn dìde lọ sí ilé ìwòsàn wa. Nọ́ọ̀sì Ọmọlabí, èyí tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn, ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ kó tó rántí pé kí òun wo kọ̀ǹpútà. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní, “Màmá, ẹ̀rọ yìí ní oyún oṣù mẹ́rin wà nínú yín o.”

Màmá ní, “Oyún? Ta ló fún mi? Bàbá Ọládélé ti lo ọdún mẹ́sàn-án nínú sàréè!”

Wọ́n ní gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Màmá fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́ lórí wọn. Ọmọlabí pàápàá rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an tó ìròyìn. Ṣùgbọ́n ó gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó bá lè purọ́ oyún lè purọ́ oògùn. Kí Ọlọ́run máa bá obìnrin yẹn gbé.

Ó pè mí lórí fóònù. “Ìyá Ṣọlá, ṣé abẹ́rẹ́ kankan wà tí ara Màmá kọ̀?” Ọmọ́níkẹ́ o! Ó wà! Ọdún tí a gba káàdì yẹn, abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n gún wọn lọ́jọ́ kan náà nítorí ikọ́. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, ojú wọn ti wú pa, èémí ò jáde mọ́, Ọlọ́run ló ní a ò ní sin wọ́n. Èwo nínú méjèèjì ló ṣe é? Mi ò mọ̀. Ọkọ mi ò mọ̀. Wọ́n bi Màmá, wọ́n ní ohun tí àwọn mọ̀ ni pé nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú káàdì. Bẹ́ẹ̀ Ògúnkànmí ti di gbogbo káàdì àtijọ́ sínú àpò, ó ti kó wọn lọ sí ọgbà rẹ̀ ní Ifọ̀, ó sì ti ń pè mí láti ọjọ́ mẹ́ta pé kí n yọjú wá buwọ́ lùwé, kí òun lè sun ún. Dókítà ní egbò náà ò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ kejì láìrí abẹ́rẹ́, kó má baà di pé wọ́n máa gé ẹsẹ̀. Òun ò sì ní fún wọn ní ohun tó lè pa wọ́n.

Mi ò dágbére fún ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta. Mo bọ́ sínú ọkọ̀ Ifọ̀. Nígbà tí mo dé ọgbà Ògúnkànmí, àpò méjìlélógún ló wà létí kòtò kan, kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì sì dúró tì wọ́n. Ọkùnrin náà rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó gbé ìwé àti báírò wá. Ó ní, “Ìyá Ṣọlá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ buwọ́ lù ú, ká ríbi gbà lọ.” Mo ní káàdì kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wá. Ó ní kí n buwọ́ lù ú ná, kí n wá máa wá káàdì dọ̀la. Mo yọ ìwé pélébé mi, mo ka ìlà yẹn sí i létí. Inú bí i. Ó ní ṣé nítorí káàdì obìnrin kan ni mo ṣe fẹ́ dá iṣẹ́ ìjọba dúró.

Inú bí èmi náà. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyá yín wà láyé?” Ó ní wọ́n wà, ọ̀dọ̀ àbúrò òun ní Ìbafo ni wọ́n ń gbé. Mo ní, “Kí ni orúkọ tó wà nínú káàdì wọn?” Ó ní, “Ìyá Ògúnkànmí.” Mo ní, “Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ń jẹ́ Ògúnkànmí ní gbogbo Ìbafo?”

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì kúrò níbẹ̀, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú mi, tòun ti ikùn ńlá rẹ̀. A tú àpò títí. Àpò kẹsàn-án ni mo ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé ara mi: “Màmá Ọládélé. Ọjọ́ orí: Àgbà.” Lábẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ti fi báírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà: “Ẹ má fún wọn ní pẹnisílìn láéláé.” Mo pe Ọmọlabí. Ó ní pẹnisílìn gan-an ni òun fà sínú abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi, mo gbé káàdì náà sáyà, mo sunkún bí ọmọdé níwájú agbaṣẹ́ṣe ìjọba.

Wọ́n fún Màmá ní oògùn mìíràn. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá wọ́n ti ń lé ewúrẹ́ aládùúgbò kiri. Ògúnkànmí fi lọ́rì ara rẹ̀ kó gbogbo àpò náà padà wá fún wa, káàdì ìyá rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ní kí n bá òun wá. Èmi àti Delight ti tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́tàlélógójì la rí tí kọ̀ǹpútà ti sọ di ẹlòmíì. Hàfísátù náà, tó ni oyún oṣù mẹ́rin yẹn, orí ló yọ ọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti fò sínú àkọsílẹ̀ aboyún yẹn, kò sì tíì gbà á. Ní báyìí, obìnrin tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá ẹni yòówù kó jẹ́, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ la máa gbà.

Ó wá ku tinú ilé mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo ní kí wọ́n má bínú, kí ni orúkọ wọn? Wọ́n wò mí títí, mo ti ń retí èébú. Wọ́n ní, “Wòsílátù.” Wọ́n tún un pè bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. “Wòsílátù Afọlábí. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, ta ló tún pè mí bẹ́ẹ̀?”

Lánàá òde yìí ni wọ́n lọ fi ẹsẹ̀ han dókítà kẹ́yìn. Ọmọlabí pe “Wòsílátù Afọlábí!” lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Mo yọjú láti yàrá káàdì. Màmá ló jókòó síwájú, wọ́n ń wọ̀tún wòsì, wọ́n ń ráhùn sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé, “Ta tiẹ̀ ni Wòsílátù yìí, tó dá gbogbo wa dúró?” Mo kàn ń wò wọ́n. Wọ́n rí mi. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. “Háà! Èmi mà ni!” Wọ́n dìde, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn méjèèjì rìn wọlé.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fọwọ́ pa Dáníẹ́lì lórí fún mi. Màmá ní kí n kí ọ, wọ́n ní tí àwọn bá bí ọmọ kọ̀ǹpútà náà, o gbọ́dọ̀ wá sí ìsọmọlórúkọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì yẹn, ó gba ẹ̀mí là. Tí o bá sì ń fèsì, jọ̀ọ́, má kọ “Ìyá Ṣọlá” sórí àpòòwé mọ́. Kọ ohun tí àwọn òbí mi sọ mí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tó ń mí ìmí ìtura,
Kúlúsúmù Afọlábí.