Ọjọ́ Tí Bọ́ọ̀sì Lọ Láìgbàdúrà

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ẹ kò lè ka lẹ́tà yìí, síbẹ̀ ẹ̀yin nìkan ni mo lè kọ ọ́ sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tíì jáde lẹ́nu mi rí.

Ọ̀sán Ọjọ́rú nìyí. Mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìkàwé yunifásítì, níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti wọ yunifásítì. Ìtàn ni wọ́n fún mi kà, kì í ṣe Òfin tí ẹ ti sọ fún gbogbo ará Ajangbadi. Ọdún kìíní ni mo wà. Bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, mo sábà máa ń mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n mo máa ń dúró títí ẹlòmíràn á fi sọ ọ́. Ẹ ti mọ̀ mí.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ni pé kí á wá àgbàlagbà kan, kí á gba ìtàn iṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Mo mú ìrìnàjò ọ̀nà jíjìn, bí àwọn èèyàn ṣe ń fi òru rìn láti Èkó lọ sí Òkè Ọya. Mo rò pé yóò rọrùn fún mi, torí pé inú gáréèjì Okokomaiko ni mo ti gbọ́n, níbi tí ẹ ti ń gbàdúrà fún àwọn èrò kí bọ́ọ̀sì tó gbéra ní ìrọ̀lẹ́. Mo ṣì ń rí yín: ẹ̀wù funfun ìjọ wa, agogo kékeré lọ́wọ́ ọ̀tún, orógbó lẹ́rẹ̀kẹ́ kí ohùn má baà há, ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì. Èmi ni mo máa ń fi kẹ́rósíìnì fọ àtẹ́lẹsẹ̀ yín, ẹ ó sì máa fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọdé. Nígbà yẹn, àwọn èrò kan wà tí kì í wọ bọ́ọ̀sì tí Wòlíì kò bá tíì gbàdúrà sí.

Ẹni tí mo lọ bá ni Bàbá Rájí, awakọ̀ ìgbà yẹn. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ìta ilé wọn ní Iba ni wọ́n máa ń jókòó sí, pẹ̀lú rédíò.

"Ọmọ Wòlíì!" ni wọ́n fi kí mi. "O ti wá di ọmọ yunifásítì! Ṣé wọ́n ń kọ́ yín ní mọ́tò níbẹ̀ náà ni?"

Mo ní, "Ìtàn mọ́tò ni, sà."

"Ìtàn? Èmi gan-an ti wá di ìtàn? Kò burú. Máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lórí ọkọ̀ onípákó, tí àwọn èrò ń dojú kọ ara wọn lórí bẹ́ǹṣì títí orúnkún á fi bó. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣú ni wọ́n ń sùn: obìnrin nínú ọkọ̀, ọkùnrin lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì ńlá dé, tí àga rẹ̀ ń dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, tí tẹlifíṣọ̀n wà níwájú. Oníṣòwò á ra ẹrù ní Alaba lọ́sàn-án, á wọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á mọ́ bá a ní Kàdúná, kò sì ní pàdánù ọjọ́ ọjà kankan. Nígbà tí adigunjalè gba ọ̀nà, bọ́ọ̀sì mẹ́wàá á tò tẹ̀ lé ara wọn, ọlọ́pàá níwájú, ọlọ́pàá lẹ́yìn. Nísinsìnyí, ìdájí ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbéra.

Mo fi fídíò bọ́ọ̀sì òkèèrè kan hàn wọ́n lórí fóònù mi, èyí tó ní ibùsùn lókè àti nísàlẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ibùsùn ti báwo? Ní ọ̀nà Lọ́kọ́ja? Tí ó bá bọ́ sí kòtò àkọ́kọ́, ará òkè á di ará ìsàlẹ̀! Oorun èrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibùsùn, ọmọ mi. Bí wọ́n bá ti fọkàn tán awakọ̀, wọ́n á sùn lórí ìdúró."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n ní kí n pa fóònù tí mo fi ń gba ohùn wọn. Mo pa á.

"Ọjọ́ tí táyà mi bẹ́ lẹ́yìn Ṣágámù," ni wọ́n wí, "bàbá ẹ kò gbàdúrà sí bọ́ọ̀sì mi."

Bàbá mi, mo rò pé mo ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ni. Gbogbo gáréèjì ló mọ̀ pé ẹ gbàdúrà sí i. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ lójú wọn pé láti ilé lẹ ti gbàdúrà sí i. Èèyàn mẹ́ta ni kò padà sílé nínú ìjàǹbá yẹn. Àwọn àgbà gáréèjì ní àdúrà Wòlíì ti jábọ́, wọ́n sì ní kí ẹ má fẹsẹ̀ kan gáréèjì mọ́. Ẹ di agogo yín sínú ọ̀rá, ẹ lọ ń ṣọ́ géètì ilé onílé ní Iba títí ẹ fi kú.

"Aago márùn-ún kọjá, bàbá ẹ kò yọjú," ni Bàbá Rájí ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àwọn èrò ti bẹ̀rẹ̀: 'Dírẹ́bà, ṣé ibí la máa sùn ni? Wa mọ́tò, jàre!' Mo bá gbéra. Lẹ́yìn ìjàǹbá, bàbá ẹ wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Mo ní, Wòlíì, tí àwọn ẹbí òkú bá gbọ́ pé mi ò dúró gba àdúrà, wọ́n á dáná sun mí mọ́lé. Ó ní kí n dákẹ́. Ó ní òun máa sọ pé òun gbàdúrà sí i láti ilé, òun ló ní kí n máa lọ."

Ọdún mẹ́jọ ni Bàbá Rájí fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Wọ́n ní àyà àwọn kò gbà á mọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n fẹ́ lọ sọ òtítọ́ fún àwọn àgbà tó ṣẹ́kù ní gáréèjì, kí orúkọ yín lè mọ́. Wọ́n fẹ́ kí n bá wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, "Ṣùgbọ́n kí ló dá bàbá ẹ dúró lọ́jọ́ yẹn? Kò sọ fún mi títí ó fi kú."

Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo dá yín dúró.

Ṣé ẹ rántí? Ilé ìwé ránṣẹ́ sí yín lọ́sàn-án pé inú ń run mí. Inú kò run mí. Ìdánwò ìṣirò wà lọ́jọ́ náà. Mo ka ìbéèrè àkọ́kọ́, ojú mi ṣú. Ẹ pọ̀n mí délé, èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mọ́mì wà ní Alaba, kò sí ẹlòmíràn nílé. Ẹ po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi, ẹ ń fún mi mu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́rin ààbọ̀, ẹ wo aago ara ògiri, ẹ dìde, ẹ mú agogo yín. Mo rò ó pé bí ẹ bá lọ, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé lẹ máa gbà kọjá, ẹ ó rí olùkọ́ mi, àṣírí mi á tú. Mo bá kérora. Ẹ jókòó padà. Oorun gbé mi lọ; nígbà tí ẹ wá sọ pé ẹ gbàdúrà sí i, mo gbà pé ìgbà tí mo sùn lẹ ṣe é.

Bàbá mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kérora.

Láti ọjọ́ tí mo ti Iba dé, ìbéèrè kan náà ni mò ń bi ara mi. Bí àdúrà yín bá ń gba ẹ̀mí là lóòótọ́, a jẹ́ pé èmi ni mo pa èèyàn mẹ́ta. Bí kò bá sì gba ẹnikẹ́ni là, kí wá lẹ fi gbogbo ọdún yẹn ṣe nínú ọ́ìlì, láìwọ bàtà? Èwo ni kí n máa fẹ́ kó jẹ́ òtítọ́? Mo lè tẹ̀ lé Bàbá Rájí, kí n sì dákẹ́. Orúkọ yín á mọ́, tèmi náà á wà bó ṣe wà. Ta ló máa mọ̀?

Sátidé, àárọ̀.

Mi ò lè parí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Mo dé ilé Bàbá Rájí kí wọ́n tó ti mọ́ṣáláṣí dé. Bí mo ṣe rí wọn lókèèrè, mo lọ pàdé wọn. Mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn níwájú wọn.

"Sà, irọ́ ni mo pa fún yín. Èmi ni mo dá bàbá mi dúró. Mo ní inú ń run mí, kò sì run mí. Ìdánwò ni mò ń sá fún."

Wọ́n wò mí. Wọ́n rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ti ń retí kí wọ́n lé mi.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ nígbà yẹn?"

"Mẹ́wàá, sà."

"Nínú ìwọ àtèmi, ta ló ní láísẹ́ńsì?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n.

"Mo ní ta ló ní láísẹ́ńsì?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó dáa. Dìde, o ń ba aṣọ jẹ́. Jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò sọ fún bàbá ẹ pàápàá. Mùsùlùmí ni mí. Bó bá ti ní kí àwọn èrò di ojú, èmi a sọ̀kalẹ̀ ni. Màá mú irin, màá máa fi lu táyà kọ̀ọ̀kan yí bọ́ọ̀sì po. Táyà tó bá fẹ́ kú, dídún rẹ̀ máa ń yàtọ̀. Bí wọ́n bá ti ń ṣe Àmín, mo ti parí. Ìgbà yẹn nìkan ni èrò máa ń fún mi láyè, torí Ọlọ́run ni wọ́n ń dúró dè, kì í ṣe èmi. Lọ́jọ́ tí bàbá ẹ kò wá, mo kàn jókòó, mo ṣíná. Mi ò lu táyà kankan. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbà. Ojú ló ń tì mí pé wọ́n ń pariwo mọ́ mi."

A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Okokomaiko. Àgbà mẹ́ta ló ṣẹ́kù níbẹ̀. Bí Sájẹ́ǹtì, olórí àwọn tó ń di ẹrù, ṣe rí mi báyìí, ó ní, "Ọmọ Wòlíì àdúrà-jábọ́ rèé o!"

"Pa ẹnu ẹ dé," ni Bàbá Rájí wí. "Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá."

Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró: èrò tó ń pariwo, táyà tí wọn kò lù, ohun tí ẹ sọ ní ọsibítù. Alága gáréèjì béèrè ohun tó dá Wòlíì dúró. Bàbá Rájí ní ìyẹn kò kan ẹnikẹ́ni. Mo ní èmi ni. Mo ṣàlàyé rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ó dà bíi pé kí wọ́n bú mi ì bá sàn. Alága ṣí fìlà, ó tún un dé. Sájẹ́ǹtì dojú kọ ògiri.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tì í jáde ní géètì," ló wí. "Kò bá mi jà. Ó kàn kí mi pé ó dàárọ̀."

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú iṣẹ́ mi. Mi ò mọ máàkì tí wọ́n máa fún mi. Mo sọ fún Mọ́mì náà ní àná. Wọ́n kàn lọ tan sítóòfù, wọ́n dúró tì í, láìgbé nǹkan kan kaná.

Ohun kan ló kù tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún mi. Nígbà tí ẹ jókòó padà, ṣé ẹ gbà mí gbọ́ ni? Àbí ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, tí ẹ kàn rí i pé ẹ̀rù ń bà mí? Bí ẹ bá gbà mí gbọ́, a jẹ́ pé mo tàn yín jẹ. Bí ẹ bá mọ̀, a jẹ́ pé ẹrù èèyàn méjì, ti Bàbá Rájí àti tèmi, lẹ gbé jáde ní géètì yẹn, tí ẹ sì ń kí wọn pé ó dàárọ̀. Mo mọ èyí tó yẹ kí ọmọ rere fẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ dárí jì mí, Bàbá mi. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ mọ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ jókòó tì.