Ẹ̀rù Ẹja Tó Ń Jẹ Ọbẹ̀dọ̀ Ń Bà Mí

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín, torí ilẹ̀ yàrá wa ní Dubai yìí kò gba ẹni tó fẹ́ nà tán. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́fun mi láti ìgbà òjò tó kọjá tí mi ò lè sọ lórí fóònù: ẹ̀rù ẹja ń bà mí. Èmi tí ẹ fi ẹja àrọ̀ tọ́ dàgbà lójú ọ̀nà Kuta, ẹja kan ṣoṣo ló ń dẹ́rù bà mí, ọbẹ̀dọ̀ lásán ló sì ń jẹ.

Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ wọn. Mo kí ìyàwó mi àtàwọn ọmọ. Kí ìyàwó mi má bínú pé inú ìwé ìròyìn ló ti gbọ́. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde torí àwa ọmọ Ìwó pọ̀ níbí, irọ́ kan náà la sì jọ ń pa fún ilé: pé ara le.

Ẹ máa ń sọ fáwọn ará àdúgbò pé mò ń sin ẹja lókè òkun. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹja ọ̀hún. Inú àpótí gíláàsì ńlá ni wọ́n wà, lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, káwọn àlejò lè máa wò wọ́n. Omi oníyọ̀ ni. Èmi ni mò ń po iyọ̀ ọ̀hún. Ọjọ́ tí mo sọ fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi wúkọ́, ẹ ní ṣé ọbẹ̀ ni wọ́n ń sè kí ẹja tó kú ni.

Èyí tí mò ń wí gùn tó láti ìgúnpá mi dé ọrùn ọwọ́. Ó pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ehoro ni wọ́n ń pè é, torí ẹnu rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀dọ̀, ohun yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ tó máa ń bo ara kòtò ẹja wa, òun ni wọ́n tìtorí ẹ̀ rà á, kó máa jẹ ẹ́ kúrò lára òkúta. Kì í lé ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ̀gún tò sẹ́yìn rẹ̀, oró sì wà nínú ẹ̀gún náà. Bí nǹkan bá já a láyà, á na gbogbo rẹ̀ sókè.

Nígbà òjò yẹn, òkúta yẹ̀ nínú àpótí, ẹja há. Ọ̀gá mi, ará Íńdíà kan, ní kí n dúró kí wọ́n gbé ike tí à ń fi bu ẹja wá. Mo ní ọmọ ẹlẹ́ja ni mí. Màámi, bí ẹ ṣe kọ́ mi ni mo ṣe mú un: àtẹ́lẹwọ́ lórí ẹ̀yìn, kí ìka wà lẹ́yìn ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ ni àrọ̀ ń gbé ẹ̀gún sí. Ẹ̀yìn ni eléyìí ń gbé tiẹ̀ sí. Mo fi ọwọ́ ara mi tẹ oró.

Kòfí, ọmọ Gánà tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tá a sì jọ ń gbé yàrá, ló sáré gbé omi gbígbóná tó ń pa oró ẹja wá, ó ti ọwọ́ mi bọ̀ ọ́. Ó ní ẹran Ìwó kì í tètè jinná. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀fun mi há. Ojú mi wú, mi ò lè mí dáadáa, ó di ọsibítù. Dókítà ní ara mi ti bá oró yẹn ṣọ̀tá. Ó ní bó bá tún gún mi, èémí lè dá kí omi tó gbóná.

Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ọwọ́ tí ẹja gún ti san. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ dókítà, torí ọwọ́ ọ̀gá ni ìwé ìgbélùú mi wà. Ẹ̀yin náà, nígbà tí mo fi ṣeré sọ ọ́, ẹ ní kí n ṣẹ́ ẹ̀gún rẹ̀ bá a ṣe ń ṣẹ́ ti àrọ̀, kí n má jẹ́ kí ẹja sọ mí di yẹ̀yẹ́. Màámi, ẹja àwòyanu kọ́ là ń ṣẹ́ lẹ́gùn-ún.

Látìgbà náà, gbogbo ìgbà tí mo bá ń nu gíláàsì ni mò ń fojú wá ibi tí ẹja náà wà. Ooru ìta ń jó ni, inú òtẹ́ẹ̀lì tutù bíi yìnyín, kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ èdè wa níbẹ̀. Ẹja yìí gan-an ni mò ń bá sọ Yorùbá jù. Ó ti mọ̀ mí, á sún mọ́ gíláàsì tó bá rí mi. Ìyẹn ló tún ń bà mí lẹ́rù.

Àpótí tuntun ti dé. Lónìí, ọ̀gá gbá mi léjìká níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní apẹja òun ni yóò mú ehoro kọjá sínú rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, káwọn àlejò tó jí. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Kòfí bi mí lẹ́yìn ìyẹn pé èwo ni ìyá mi fẹ́, ọmọ tó níṣẹ́ ni àbí ọmọ tó lè padà wá kí i. Mi ò mọ̀ bóyá ojo ni mí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ fi ojú sunkún ọmọ. Kó fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ẹsẹ̀ líle. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Lọ́la, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo máa lọ bá ọ̀gá mi kí n tó bọ́ bàtà. Mo máa sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún un bó ṣe rí, màá sì ní kí ẹlòmíràn fi ike bu ẹja náà, torí ọwọ́ tèmi kò ní wọ omi yẹn mọ́. Bó bá lé mi, ẹ máa retí mi nílé.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràsákì