Ológbò Inú Ilé Alágbàfọ̀

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ṣé ara rẹ le bí mo ṣe ń gbà á ládùúrà? Ṣé ariwo àwọn ọmọ ilé-ìwé tuntun tí wọ́n gbé ọ lọ kò tíì gba ohùn lẹ́nu rẹ? Ní tèmi, ara le, àfi ọwọ́ ọ̀tún tí áyọ́ọ̀nù ń jẹ́ kó máa dùn mí, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ojú ìwé mẹ́ta ni. Méjì ààbọ̀ ni o fi béèrè ológbò, ìlà kan ṣoṣo ni o fi kí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo ní kí n sọ ọ́ jáde, kó má baà di ohun tí mò ń gbé sínú.

Ọ̀gá Àdúgbò, ológbò rẹ, wà láàyè. Kí n tètè sọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, torí díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ má rí bẹ́ẹ̀.

O mọ bí títì iwájú ilé mi ṣe rí. Láti àárọ̀ ni àwọn ọkọ̀ tó ń kó òkúta ti ń sáré kọjá, ológbò oníbúrẹ́dì òdìkejì kò sì pé oṣù kan níbẹ̀ tí táyà fi tẹ̀ ẹ́ pa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣèlérí fún ọ, nígbà tí o gbé e wá fún mi, pé Ọ̀gá kò ní fẹsẹ̀ kan títì. Ẹni tó ń sùn sórí òrùlé onílé mẹ́fà láti kékeré ni mo tì mọ́ yàrá méjì. Mo da iyanrìn sínú ike fún un, mo sún tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kó lè máa wo ìta, mo wé okùn mọ́ ẹsẹ̀ àga kó rí nǹkan fi èékánná ya. Ó wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó wá wo ilé tí kò ní gbà. Ó fa súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tí o tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jáde, ó wọ́ ọ lọ sábẹ́ ibùsùn, ó sì dùbúlẹ̀ lé e.

Àbúrò mi, owú jẹ mí. N kò ní pè é lórúkọ mìíràn. Èmi ni mò ń yọ egungun ẹja fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ni mò ń da iyanrìn rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n bí mo bá na ọwọ́ sí i, á fẹ́ bí ejò, á sì ki imú bọ súwẹ́tà rẹ. Ìwọ tí o kò sí nílé ni ó ń bá gbé.

Ó mú mi rántí ìyá wa. Ọdún méjì ni mo fi fọ aṣọ ìbora wọn, tí mò ń gbé wọn dìde, tí mò ń gbé wọn dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ tí o wá kí wọn fún ọjọ́ méjì péré, wọ́n dìde jókòó fúnra wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi ti dé." Inú yàrá yẹn ni èmi náà wà, mo gbé abọ́ omi dání. Mo rẹ́rìn-ín lójú rẹ. Ẹ̀rín náà kò dénú.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rèé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, tí Ọ̀gá wà lójú fèrèsé, mo mú súwẹ́tà náà. Mo sọ fún ara mi pé ó ti dọ̀tí. Irọ́ ni. O mọ iṣẹ́ mi: aṣọ mẹkáníìkì tí epo mọ́tò ti gbé lódindi ọdún, bó bá kúrò nínú ọpọ́n mi, o kò ní mọ̀ pé ó rí epo rí. Mo fi omi gbígbóná fọ súwẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo ká a dáadáa, mo dá a padà sábẹ́ ibùsùn. Mo ní kó wá gbóòórùn ọṣẹ tèmi wò. Ẹni tí o ní kó bá ọ kín in lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò jẹun lọ́jọ́ náà, kò jẹun lọ́jọ́ kejì, kò jẹun lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, télọ̀ kan wá gba aṣọ rẹ̀. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, Ọ̀gá ti gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, ó di títì. Mo sáré tẹ̀ lé e láìwọ bàtà. Ọkọ̀ òkúta kan tẹ búréèkì, ó sì dúró nígbà tí mo lè fi ọwọ́ kan iná iwájú rẹ̀. Mo fi aṣọ mi bo ológbò náà, ó sì ha mí ní apá méjèèjì. Awakọ̀ yọrí síta, ó ní, "Màmá, ṣé ológbò ni ẹ fẹ́ tìtorí ẹ̀ kú?" Mo gbé ológbò náà mọ́ àyà, mo sá padà wọlé.

Dókítà ẹranko tó wá wò ó, ọmọ ọwọ́ ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní ẹsẹ̀ kò ṣẹ́, ebi àti ìbẹ̀rù ni. Ó wo ilé yíká, ó ní, "Màmá, ilé yín ti mọ́ jù." Mo ti fẹ́ dúpẹ́. Ó ní bí ológbò bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra ilẹ̀kùn àti àga, òórùn ara rẹ̀ ló ń fi síbẹ̀ kó lè mọ ibẹ̀ ní ilé, èmi sì ń fi ọṣẹ nù ún kúrò láràárọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń jí sí ilé àjèjì. Ó béèrè bóyá a rí nǹkan kan tó bá a wá láti ilé. Mo na ọwọ́ sí súwẹ́tà tí mo lọ̀. Ó mú un, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra gbé e kalẹ̀. Ìbá bú mi, ìbá sàn.

Láti ọjọ́ náà, yàrá kan ṣoṣo ni Ọ̀gá ń gbé, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe ní kí n ṣe é, ọjọ́ kọkànlá sì rèé tí n kò fi àkísà kan ibẹ̀. Irun ti kún orí àga, ọwọ́ ń yún mi. Ó ti ń jẹ ìdajì oúnjẹ rẹ̀. Lánàá, nígbà tí mò ń lọṣọ, ó rìn wá, ó jókòó sí tòsí ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi, ṣùgbọ́n ó jókòó. N kò mira, ṣòkòtò oníbàárà kan sì fẹ́ jó mọ́ mi lọ́wọ́.

Síbẹ̀, bó bá di ìrọ̀lẹ́, á máa ké lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà ní òórùn tó mọ̀ ló lè dá a dúró títí tí tèmi yóò fi mọ́ ọn lára. Nítorí náà, wọ aṣọ kan fún ọjọ́ mẹ́ta, sùn nínú rẹ̀, má fín lọ́fínńdà sí i, má fọ̀ ọ́, dì í sínú ọ̀rá kí o sì fi ránṣẹ́. Èmi tí mo ti ń fọṣọ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, aṣọ ìdọ̀tí ni mò ń bẹ̀ ọ́ fún.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ́nà iṣẹ́. Kí ó jẹ́ kí àwọn tí ò ń kọ́ gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, kí ó má sì jẹ́ kí a fi ojú sunkún ara wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó sì ń jowú rẹ,
Alágbàfọ̀.

Ó kù díẹ̀: O ní o fẹ́ wá wò ó nígbà ìsinmi. Jọ̀ọ́, má tíì wá. Aṣọ ni mo tọrọ. Jẹ́ kó kọjú sí mi lẹ́ẹ̀kan ná.