Mo Ti Ṣe Ìwádìí Ìdílé Ajá Rẹ

Abà Òkè-Ìrókò,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.

Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ mi, Àníkẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Yábàá níbẹ̀? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn, ṣé omi ń yọ nínú ilé tí o háyà? Bí o bá bi wá, a dúpẹ́, ara ń le díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ yóò máa mú ọ wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ọmọ aráyé kò ní í tó ọ, ohun tí o bá ń wá kò ní í di ohun tí yóò máa wá ọ kiri. Àmín. Àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ ìyàwó pásítọ̀ sì ti jẹ ìdajì rẹ̀. Ìjọba ti ri òpó iná síwájú ilé wa, òpó náà rí gbọọrọ, ó wuyì, iná nìkan ló kù tí wọn kò tíì mú wá.

Quadri bàbá Ummulkhair, tó ń gbowó fi iná sí fóònù gbogbo abà, ni yóò ya fọ́tò lẹ́tà yìí sínú fóònù rẹ. Mo ní kó tẹ́ ẹ dáadáa kó tó yà á, kó má lọ ká lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè ọ́, o ní o wà ní mítìn, o máa pè padà. N kò bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò lè dúró de mítìn, nítorí o ní ọjọ́ Furaidé ni o máa san ìyókù owó ajá náà. Má san án o. Kọ́kọ́ ka ìwé yìí tán.

Nígbà tí o sọ pé o ń ra ọmọ ajá tó ní ìwé ìdílé, tí wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ àti bàbá àgbà rẹ̀ sí, ẹ̀rín ni mo rín, mo ní èmi tí mo bí ọ gan-an n kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ìgbà tí o fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù Quadri, tí mo rí i funfun báláú, tó yọ ahọ́n síta, mo bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe, ṣé olè pọ̀ ládùúgbò yín ni. O ní rárá, pé bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, o fẹ́ kí ẹnì kan máa sáré pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ dáadáa lọ́fun mi. Nílé yìí, kò sí ọjọ́ tí o ti ilé ìwé dé rí tí ẹnì kan kò kí ọ káàbọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ báyìí, mo máa ń jókòó sẹ́yìn ilé, mo máa ń rò ó pé wàá ti máa ṣílẹ̀kùn, mo sì máa ń sọ ọ́ síta pé káàbọ̀ o, bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Mo wá rò ó pé ẹni tí yóò bá ọmọ mi gbé inú yàrá kan, tó sì tún jẹ́ ọmọ ilé oníwèé, a kì í kàn gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọlé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ fẹ́ ìyàwó, ṣebí ìwádìí la kọ́kọ́ ṣe. Ni mo bá ní kí Quadri pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ fọ́tò náà.

Ọkùnrin tó gbé e ní Victor lòun ń jẹ́. Mo kí i, mo kí ará ilé rẹ̀, mo bi í bóyá ìyá ọmọ náà ṣì wà láyé. Ó ní ìyá wo. Mo ní ìyá ajá. Ó ní ó wà. Mo bi í bóyá wárápá wà nínú ìdílé wọn, bóyá ìyá rẹ̀ ń bínú sódì, bóyá bàbá rẹ̀ kì í jí ẹran jẹ. Ó ní Mọ́mì, ẹ ṣáà ní kí wọ́n san ìyókù, àwọn mẹ́ta mìíràn ń dù ú. Mo ní kò burú, ọmọ tó bá dára, àwọn tó ń tọrọ rẹ̀ á pọ̀, ṣùgbọ́n a kì í san owó orí nígbà tí a kò tíì mọ ilé àna. Ó ní kí n jàre fi owó abẹ́rẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ ná, pé ara rẹ̀ kò yá. Mo ní níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú ọmọ ń bẹ lọ́rùn bàbá rẹ̀ títí yóò fi wọ ilé ọkọ. Ó pa fóònù. Mo rò pé ojú ló tì í.

Quadri tún ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ra ajá lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi lójú fóònù, wọ́n tó ogójì, gbogbo wọn ló ń yìn ín. Ibẹ̀ ni ara ti fu mí. Fẹ́yìsayọ̀, mo ti bá wọn ṣe ìwádìí ìyàwó tó mẹ́jọ ní abà yìí, kò sí ilé tí a dé tí a kò rí àǹtí kan tí yóò fà wá sẹ́yìn ilé, tí yóò ní òun kò fẹ́ sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ yẹn, ahun ni. Ilé tí gbogbo ènìyàn bá ń yìn láìku ẹnì kan, ilé yẹn kò sí níbì kan. Mo ní kí Quadri gba àdírẹ́sì.

Ojúlé kan ní Sùúrùlérè ló fún wa. Mo rán Dàda àbúrò mi, tó ń kan bẹ́ẹ̀dì ní Pápá Àjàó, pé kó lọ ṣe alárinà, kó má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ó wọ agbádá, ó gbé iṣu méjì àti oyin ìgò kan, ó wọ kẹ̀kẹ́ láti Múṣín. Nígbà tó débẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà wọn tó wu àwọn í já. Obìnrin aránṣọ tó ń gbé ibẹ̀, Rùkáyàt lorúkọ rẹ̀, ní òdòdó wo, òun kò ní ọmọbìnrin. Dàda na fọ́tò ajá sí i. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní kò sí ajá nílé òun rí, pé àwọn oníjìbìtì ló ń fi àdírẹ́sì òun ṣiṣẹ́, pé Dàda ni ẹni karùn-ún lóṣù yìí, ẹkún ni àwọn mẹ́rin yòókù bá wá, òun nìkan ló gbé iṣu wá. Ó wá fọ́tò náà lórí fóònù tirẹ̀, ó bá a níbi tí òyìnbó kan ti gbé e sí láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ọmọ ajá tí o fẹ́ rà ti di arúgbó, ọmọ mi. Dàda pe Victor níbẹ̀, ó ní àwọn ti dé o. Victor ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Ìjora láàárọ̀ ni, ká fi owó ọkọ̀ ajá ránṣẹ́. Láti ìgbà náà, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Dàda fi iṣu náà sílẹ̀ fún Rùkáyàt, nítorí a kì í gbé ẹrù ìtọrọ padà sílé.

Mo mọ̀ pé o ti san ìdajì. Má sunkún, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ọ́ ní òmùgọ̀, ẹni tó bá ń dá gbé ni wọ́n máa ń wá kiri. Ṣùgbọ́n èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kó kù síbẹ̀. Ọmọ tí a kò bá fojú kàn, tí a kò sì rí ìyá rẹ̀, a kì í sanwó lé e lórí.

Ajá Àkàngbé ọdẹ ti bí mẹ́rin. Kò ní ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ ìyá, mo mọ ìyá ìyá, ejò ló bù ú jẹ lọ́dún tí o wọ yunifásítì, mo sì mọ̀ pé bàbá wọn máa ń jí ẹja lórí ààrò, mo sọ ọ́ fún ọ kó má baà dà bí ẹni pé mo fi nǹkan pamọ́. Mo ti gba èyí tó ní funfun láyà fún ọ. Jọ̀ọ́, fi owó abẹ́rẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, dókítà ẹran wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo mọ ohun tí mo sọ fún Victor, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ ajá yìí ti sá wọ igbó. Kí o fi owó kẹrosíìnì kún un. Àkàngbé ní òun lè fi ajá náà sínú ọkọ̀ tó ń kó ata lọ sí Èkó, mo kọ̀ jálẹ̀, mo ní ẹni tó bá fẹ́ mú un ni yóò wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ó sì ń tì mí lójú. Nígbà tí Dàda pè mí pé kò sí ajá kankan, inú mi kọ́kọ́ dùn kí n tó bínú. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé bí o bá ti rí ẹni tí yóò máa kí ọ káàbọ̀ ní Yábàá, o kò ní í wá ilé mọ́ láéláé. Ọdún mẹ́ta rèé, Àníkẹ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹlẹ́dàá rẹ kò ní í sùn. Ibi tí o bá fi owó sí, èrè ni yóò bá ọ bọ̀, ilé rẹ kò ní í ṣófo, ọjọ́ ayé rẹ yóò gùn ju tèmi lọ. Máa bọ̀ wá mú ajá rẹ. Bí o kò bá tilẹ̀ fẹ́ ajá mọ́, ṣáà máa bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tí àárò rẹ ń sọ.